Bátìrì Agbaná: Ó Ha Yẹ Kí Onílé Náwó Lé E Bí?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀rọ̀ nípa ohun kékeré kan ni, tí ó wà nínú tọ́ọ̀ṣì, nínú rédíò, nínú aago ara ògiri àti nínú ohun ìṣeré ọmọdé. Bátìrì ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní òkúta tọ́ọ̀ṣì.

Ní Isuada àti ní àwọn ìlú àti abúlé tí ó wà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, owó tí ń bá bátìrì lọ kì í hàn sí ojú, nítorí pé kì í jáde lápò lẹ́ẹ̀kan náà. A ra méjì lónìí, a ra mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń béèrè nípa oríṣi bátìrì kejì, èyí tí a kì í sọ nù nígbà tí ó bá rẹ̀, tí a lè fi sí iná kí ó tún gba agbára padà. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, bátìrì agbaná ni a ó máa pè é. Èyí tí a ń lò tí a sì ń sọ nù, bátìrì àlòsọnù ni orúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè náà ni pé: bátìrì agbaná ha yẹ ní rírà bí? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ó yẹ fún ohun èlò tí ń jẹ bátìrì lemọ́lemọ́. Kò yẹ fún èyí tí kì í jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá sì mọ bí a ti ń yàn án lè fi owó iyebíye ra òfìfo.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lórí lọ́nà oko gbójú lé tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ kí ó má baà tẹ paramọ́lẹ̀. Ìyá tí ń dín àkàrà kí ilẹ̀ tó mọ́ gbójú lé e. Ọmọ tí ń múra ìdánwò sílẹ̀ gbójú lé e ní alẹ́ tí iná mọ̀nàmọ́ná kò bá sí. Bí bátìrì tí a tà fún wọn pé ó lágbára bá kú láàárín iṣẹ́, ìpalára tí ó lè tẹ̀lé e ju iye tí wọ́n fi rà á lọ.

Ní ayé àtijọ́, fìtílà elépo ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ nínú ilé. Lẹ́yìn náà ni àtùpà epo òyìnbó dé, àwọn ọdẹ sì ń de iná kábáìdì mọ́ orí wọ inú igbó lọ. Ní 1866 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Georges Leclanché, ṣe irú bátìrì tí ó di baba bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí a mọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959, àwọn ilé tí ó ní iná mọ̀nàmọ́ná ni ó lè wò ó. Ṣùgbọ́n rédíò kékeré oníbátìrì kò dúró de wáyà iná. Ó gbé ìròhìn dé abúlé tí òpó iná kò tíì dé, bátìrì sì di ohun tí a ń tà ní ìsọ̀ gbogbo.

Kí ni ó wá ya bátìrì méjèèjì yìí sọ́tọ̀? Bátìrì àlòsọnù dà bí igi ìdáná. Síǹkì tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ń jó díẹ̀díẹ̀ láti fún wa ní iná. Nígbà tí ó bá sì di eérú, kò sí ẹni tí ó lè sọ eérú di igi padà. Bátìrì agbaná ní tirẹ̀ dà bí ìkòkò omi. Bí omi inú rẹ̀ bá tán, a ó tún pọn òmíràn sí i, títí ìkòkò náà yóò fi gbó.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe bátìrì olójé tí ń gba iná padà ní 1859, òun sì ni ìpilẹ̀ bátìrì ọkọ̀ títí di òní. Waldemar Jungner ní ilẹ̀ Sweden ṣe ti níkẹ́lì àti kádímíọ̀mù ní 1899. Ní 1991 ni ilé-iṣẹ́ Sony ní ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ gbé bátìrì lítíọ̀mù agbaná wá sí ọjà, èyí tí ó wà nínú fóònù alágbèéká gbogbo lónìí. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba àṣà kan níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sá bátìrì àlòsọnù tí ó ti rẹ̀ sínú oòrùn, wọ́n a sì ní ó ti gba agbára. Òtítọ́ ni pé rédíò lè tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn kò fi agbára kankan kún un. Ooru ni ó mú kí ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù sáré jáde. Lẹ́yìn èyí, ara bátìrì náà a máa jẹrà, omi inú rẹ̀ a sì ṣàn sára irin rédíò, a ó sì pàdánù rédíò nítorí bátìrì. Fífi bátìrì àlòsọnù sínú ṣáàjà léwu ju èyí lọ, nítorí ó lè jò tàbí kí ó bẹ́.

Nísinsin yìí, báwo ni a ti ń yan bátìrì agbaná? Oríṣi mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà, a sì lè fi ohun tí a kọ sí wọn lára dá wọn mọ̀.

Èkíní ni èyí tí a kọ Ni-Cd sí. Ògbólógbòó ni. Kádímíọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́ májèlé tí ń ba kíndìnrín àti egungun jẹ́. Ní 1968 ni ìjọba ilẹ̀ Japan jẹ́wọ́ pé kádímíọ̀mù láti inú ibi ìwakùsà, tí ó wọ inú odò tí a fi ń bomi rin oko ìrẹsì, ni ó fa àrùn egungun burúkú kan ní agbègbè Toyama. Bí a bá rí òmíràn rà, kí a fi èyí sílẹ̀.

Èkejì ni èyí tí a kọ Ni-MH sí. Òun ni ó yẹ jù lọ fún tọ́ọ̀ṣì àti rédíò tí ó ń lo bátìrì tí a lè yọ. Àbùkù rẹ̀ látijọ́ ni pé, bí a bá gbé e sílẹ̀ láìlò, agbára inú rẹ̀ a máa rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2005 ni ilé-iṣẹ́ Sanyo ní ilẹ̀ Japan gbé irú tuntun jáde, tí ó lè pa ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ mọ́ fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ń ṣe é báyìí. Àwọn tí ó jẹ́ irú èyí a máa kọ ọ́ sí ara páálí pé ó ti gba iná tẹ́lẹ̀ kí a tó tà á.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì lítíọ̀mù, tí ó wà nínú tọ́ọ̀ṣì orí tí àwọn ọdẹ ń lò àti nínú àwọn àtùpà tuntun. Ó fúyẹ́, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìṣọ́ra, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Ẹ̀kẹrin ni bátìrì olójé kékeré tí a dì pa sínú àwọn àtùpà agbaná ńláńlá. Ohun tí ń tètè pa á ni kí a lò ó tán pátápátá, kí a sì gbé e jù sí kọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹni tí ó bá ní irú àtùpà bẹ́ẹ̀, kí ó máa fi í sí iná lóṣooṣù, bí kò tilẹ̀ lò ó.

Lẹ́yìn oríṣi, ẹ wo iye tí a kọ sí ara bátìrì pẹ̀lú lẹ́tà mAh. Iye yìí ni ó ń sọ bí ìkòkò náà ti tóbi tó. Bátìrì Ni-MH kékeré tí a ń pè ní AA, tí ó bá dára, sábà máa ń wà láàárín 1,900 sí 2,700. Bí ẹnìkan bá tà á tí a kọ 4,000 tàbí 5,000 sí i lára, irọ́ ni. Bákan náà ni bátìrì lítíọ̀mù roboto tí a ń pè ní 18650. Èyí tí ó dára kì í sábà kọjá 3,500, ṣùgbọ́n àwọn kan wà lọ́jà tí a kọ 9,900 sí. Bátìrì tí kò jẹ́ òtítọ́ nípa iye rẹ̀ kò lè jẹ́ òtítọ́ ní alẹ́.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún bátìrì ńlá tí a ń pè ní D, èyí tí àwọn tọ́ọ̀ṣì onírin àtijọ́ ń lò. Bátìrì D agbaná tí ó pé máa ń wà ní nǹkan bí 8,000 sí 10,000. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ara nìkan ni ó tóbi. Bátìrì kékeré ni a fi pamọ́ sínú rẹ̀, iye rẹ̀ kò sì ju 2,500 lọ. Bátìrì àlòsọnù D lásán lè pẹ́ jù ú lọ ní alẹ́ kan. Ọwọ́ ni ìwọ̀n tí ó dára jù fún èyí: ẹ gbé bátìrì agbaná náà sí ọwọ́ kan, kí ẹ sì gbé àlòsọnù tí ó tóbi bákan náà sí ọwọ́ kejì. Bí agbaná bá fúyẹ́ ju àlòsọnù lọ, òfìfo ni, ẹ dá a padà fún onísọ̀.

Àwọn mìíràn a máa bẹ̀rù nígbà tí wọ́n bá rí i pé 1.2 fóltì ni a kọ sí bátìrì agbaná, tí ó sì jẹ́ pé 1.5 ni ó wà lára àlòsọnù. Kí wọ́n má bẹ̀rù. Bátìrì àlòsọnù kì í pẹ́ lórí 1.5, láti ìgbà tí a bá ti tan iná ni ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Agbaná a máa dúró sí nǹkan bí 1.2 títí ó fi kù díẹ̀ kí ó tán. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì àti rédíò ń bá a ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé, nígbà tí ó bá fẹ́ tán, kì í kìlọ̀ pẹ́. Iná rẹ̀ a kú lójijì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń rin ọ̀nà oko lóru, kí ó mú méjì tí ó kún sínú àpò.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ìṣirò. Àwọn iye tí ó tẹ̀lé e yìí jẹ́ àpẹẹrẹ lásán; kí olúkúlùkù fi iye tí ó bá ní ọjà rọ́pò wọn. Kí a sọ pé tọ́ọ̀ṣì àgbẹ̀ kan ń lo bátìrì AA 2, pé àlòsọnù 2 jẹ́ ₦500, àti pé ó ń ra méjì ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ 52 tí ó wà nínú ọdún, yóò ti ná ₦26,000. Kí a sọ pé ó wá ra agbaná 4, kí méjì máa ṣiṣẹ́ kí méjì máa gba iná, ní ₦2,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ra ṣáàjà ní ₦8,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦18,000. Bí ó bá ń pa ₦500 mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ yóò padà sí ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 36. Láti ìgbà náà lọ, èrè ni ó ń jẹ, nítorí pé bátìrì tí ó dára lè gba iná ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ó ń ra bátìrì, oṣù 36 ni yóò tó kí owó náà tó padà, èyí tí í ṣe ọdún mẹ́ta. Èyí ń fẹ́ àròjinlẹ̀. Ẹ sì wo aago ara ògiri. Bí bátìrì ₦250 kan bá gbé aago fún ọdún kan, ọdún 10 ni agbaná ₦2,500 yóò lò kí ó tó san owó rẹ̀, kí a tó ka ti ṣáàjà. Bátìrì náà yóò ti gbó kí ọjọ́ náà tó dé. Fún aago, àlòsọnù ni ó tọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni tọ́ọ̀ṣì tí a fi pamọ́ sí ilé de ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Àlòsọnù tí a kọ alkaline sí lè wà lórí pẹpẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí agbára rẹ̀ má lọ.

Níbo ni iná tí a ó fi kún un yóò ti wá? Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Nínú ilé tí iná mọ̀nàmọ́ná wà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní oṣù Kẹrin, 2024, nígbà tí a kéde ₦225 fún yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, yúníìtì kan ṣoṣo náà tó láti fi iná kún bátìrì AA mẹ́rin ní ìgbà tí ó ju 50 lọ. Ìgbà kan kò tó ₦5. Àwo oòrùn kékeré náà lè ṣe é, òun sì ni ó yẹ ní abúlé tí iná kò dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí bátìrì nìkan ń da owó sínú èéfín.

Ẹni tí ó bá sì ń gbé bátìrì lọ sí ìsọ̀ tí a ti ń gba iná sí fóònù, kí ó ka owó ìsọ̀ náà mọ́ ìṣirò. Nínú àpẹẹrẹ àgbẹ̀ wa, bí a bá ń gba ₦100 lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ₦400 ni ó ń pa mọ́, ọ̀sẹ̀ 45 ni owó rẹ̀ yóò sì padà. Bí a bá ń gba ₦300, yóò di ọ̀sẹ̀ 90. Ọ̀nà tí ó dára fún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí àwọn ará agbo-ilé kan dáwó ra àwo oòrùn kan àti ṣáàjà kan, kí wọ́n máa lò ó ní ìpín-ìpín.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má ṣe da bátìrì tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, ẹ má sì da agbaná pọ̀ mọ́ àlòsọnù nínú tọ́ọ̀ṣì kan náà. Ṣáàjà tí a ṣe fún Ni-MH ni kí a fi gba iná sí Ni-MH, ti lítíọ̀mù ni kí a fi gba iná sí lítíọ̀mù. Ṣáàjà tí ó ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá kún dára ju èyí tí kì í dáwọ́ dúró lọ, bí ó tilẹ̀ wọ́n jù ú.

Ní ti lítíọ̀mù, ẹ má ṣe gba iná sí i lórí bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ ìrọ̀rí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Orí sìmẹ́ńtì tàbí orí àwo ni kí ó wà, níbi tí ojú lè tó o. Èyí tí ara rẹ̀ bá ti wú, kí a dẹ́kun lílò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí iná rẹ̀ le púpọ̀ láti pa. Ẹ sì pa bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì mọ́ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè dá egbò burúkú sí i ní ọ̀fun láàárín wákàtí méjì péré. Kí a má dúró wò ó bóyá yóò yà á. Kí a gbé ọmọ náà sáré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ní agbègbè yìí, Federal Medical Centre wà ní Ọ̀wọ̀.

Bátìrì tí ó ti kú pátápátá kì í ṣe ohun tí a ń jù sínú iná, sínú kànga tàbí sí etí oko ẹ̀gẹ́. Bátìrì olójé ni kí a bẹ̀rù jù. Ní Ògijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ láti kó òjé inú rẹ̀, àyẹ̀wò tí a gbé jáde ní 2025 fi hàn pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ń gbé ládùúgbò, àti ọmọdé pẹ̀lú. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kò sì sí oògùn tí ó lè dá ohun tí ó bàjẹ́ padà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ bátìrì olójé ní àgbàlá ilé, kí ó má sì yọ́ òjé rẹ̀ nítorí owó kékeré. Kí a kó àwọn bátìrì tí ó ti kú jọ sínú ike kan tí ó gbẹ, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o, títí a ó fi rí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó wọn lọ sí ibi tí ó tọ́.

Ní ìparí, kí onílé tó lọ sí Ọjà Ọba tàbí ìsọ̀kísọ̀, kí ó mú ìwé kan, kí ó sì kọ gbogbo bátìrì tí ilé rẹ̀ rà láàárín oṣù kan sílẹ̀: èwo ni ó lọ sínú tọ́ọ̀ṣì, èwo ni ó lọ sínú rédíò, èló ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé ìwé bá a kọ ọ́. Ìwé náà ni yóò sọ bóyá agbaná yẹ ilé rẹ̀ tàbí kò yẹ ẹ́, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ń tajà. Bí ìwé bá sì ní ó yẹ, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì tí ó dára nínú tọ́ọ̀ṣì tí a ń lò jù, kí ó wò ó fún oṣù mẹ́ta, kí ó tó ra ìyókù.